Inú Àpò Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Bí ẹ bá ti gbé ilé àjọgbé rí, irú èyí tí yàrá kọjú sí yàrá, ẹ ó ti rí oníṣẹ́ iná tó wá tún wáyà ṣe. Bó bá mọ iṣẹ́, kì í kọ́kọ́ gun àkàbà. Á lọ síbi bọ́ọ̀dù mítà lẹ́nu pásééjì, á béèrè fíùsì tó jẹ́ ti yàrá náà, á sì fà á yọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ á gbé fíùsì náà lé orí bọ́ọ̀dù tàbí ojú fèrèsé. Ọ̀gá wọn kì í gbé e síbì kankan. Á jù ú sápò ṣòkòtò rẹ̀, ó di orí àkàbà.

Ẹ má fojú kékeré wo àpò ṣòkòtò yẹn. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ilé kún. Ìyá kan wà tó ti ń retí iná láti àárọ̀ kó lè fi bílẹ́ńdà lọ ata. Ọmọ ilé-ìwé kan wà tí fóònù rẹ̀ ti kú. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè jáde wá, kó rí i pé fíùsì ti yọ, kó ní, "Ta ló tún ń fi iná wa ṣeré?", kó sì kì í padà. Kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Iná ló ń wá. Oníṣẹ́ iná lè pariwo títí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ o, Ìyá Ṣadé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù o!" Ìyá Ṣadé gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nílé ìwẹ̀ kò gbọ́, ẹni tó máa ti ọjà dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i kò tíì wọlé. Fíùsì tó wà nínú àpò oníṣẹ́ iná nìkan ni gbogbo wọn ò lè rí kì.

Owó rẹpẹtẹ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá káàkiri ayé ń ná lórí kíkọ́ òṣìṣẹ́ ní ohun tí àpò yẹn ń ṣe. Wọ́n ti so ìwé mọ́ ọn, wọ́n ti so àgádágodo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò yí padà: ẹni tí ara rẹ̀ wà nínú ewu ni kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá kò lè bá a tọ́jú rẹ̀. Àwọn séfútì, àwọn tó ń mójútó ààbò, tó wọ fìlà funfun, kò lè bá a tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó jókòó sí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́ kò lè bá a tọ́jú rẹ̀, bó ti wù kí ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó.

Nílé tiwa pàápàá, fíùsì kan kò tó mọ́. Láyé ìgbà tí NEPA nìkan ń gbé iná wọlé, ó tó. Ní báyìí, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ínfátà wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, sólà wà lórí òrùlé. Oníṣẹ́ iná fa fíùsì NEPA yọ, ó fi sápò; ínfátà rí i pé iná ti lọ, ó gba iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Wáyà tó yẹ kó ti kú ṣì wà láàyè. Ọ̀nà kan kò wọjà. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà fi máa ń fi tẹ́sítà kan wáyà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, fíùsì ìbáà wà lápò wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá kúrò nílé, ká lọ sí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Àwọn ará Ewékorò àti Ṣàgámù ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ yìí láti ọ̀nà jíjìn, bí wọn ò tilẹ̀ rí i sójú. Ọlọ ni, ṣùgbọ́n ọlọ tó rí rogodo tó sì dùbúlẹ̀: àgbá irin kan tó ń yí, tó kún fún bọ́ọ̀lù irin. Àwọn bọ́ọ̀lù náà á máa gòkè, wọ́n á máa ya lulẹ̀, wọ́n á sì máa fọ́ òkúta tó ti jó nínú iná ààrò títí yóò fi kúnná. Àwọn àgbá tó tóbi ń gùn ju mítà 10 lọ, ènìyàn sì lè dúró ṣánṣán nínú wọn kí ọwọ́ rẹ̀ má kan òkè. Àwọn àwo irin ni wọ́n tò yí inú rẹ̀ ká, àwọn àwo yìí sì máa ń jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá jẹ tán, ènìyàn ni yóò wọlé lọ pààrọ̀ wọn. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára àgbá náà tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè; wọ́n á tú u, òṣìṣẹ́ á kó sùpánà àti tọ́ọ̀ṣì, á sì rá wọlé.

Ẹ fi ara yín sípò ẹni tó wà nínú ibẹ̀. Kò rí ìta. Mọ́tò tó ń yí àgbá náà wà lẹ́yìn ògiri. Súìsì mọ́tò náà tún wà nínú ilé mìíràn. Ẹni tó lè tẹ bọ́tìnnì jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, bóyá ní àjà kẹta ilé kan tó jìnnà, gbogbo ohun tó sì mọ̀ nípa ẹni inú àgbá ni pé ojú kọ̀ǹpútà sọ pé ẹ̀rọ dúró. Sìmẹ́ńtì ń tán lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù ti tò dé títì. Ọ̀gá ti pè lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló dé tí a ò tíì bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá àgádágodo.

Bí ínfátà ṣe ń já oníṣẹ́ iná kulẹ̀ nílé, àgbá yìí náà ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tirẹ̀. Mọ́tò ńlá nìkan kọ́ ló ń yí i. Mọ́tò kékeré kan wà tí wọ́n fi ń yí i díẹ̀díẹ̀ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè bọ́ síbi tí wọ́n fẹ́. Súìsì tirẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, ẹni tó bá ti mọ́tò ńlá nìkan ti ti ìdajì. Bí ẹ bá wá ti méjèèjì, ẹ̀kẹta ṣẹ́ kù tí kò ní súìsì rárá: àwọn bọ́ọ̀lù náà fúnra wọn. Bí àgbá bá dúró nígbà tí wọ́n kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwúwo wọn lè yí i padà láìsí iná, láìsí ẹni tó tẹ nǹkan kan. Irú agbára tó sá pamọ́ yìí pọ̀ nílé-iṣẹ́: afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú páìpù, ooru tó há sínú ìkòkò irin, sípíríǹgì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, ẹrù tó wà lókè tí okùn dì mú. Ẹ pa iná tán, wọn ò gbọ́. Àfi kí ẹ tú wọn sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi igi àti irin dá wọn dúró.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń tì í. Ìkọ́ irin pupa kan wà tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹnu rẹ̀ dà bí ẹnu ẹ̀mú, ara rẹ̀ sì ní ihò 6. Wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ há súìsì lójú ibi tí súìsì ti pa, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó máa wọ inú àgbá á sì fi àgádágodo tirẹ̀ ti ihò kan. Àgádágodo yìí ní kọ́kọ́rọ́ kan péré, àpò ẹni tó ni ín ló ń gbé. Orúkọ rẹ̀ wà lára páálí tó so mọ́ ọn, àwọn ibòmíràn tún máa ń lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn. Ènìyàn 6 wọlé, àgádágodo 6 ló so rọ̀. Bí 5 bá ti jáde, tí wọ́n ti ṣí tiwọn, tí ẹni kẹfà ṣì wà nínú òkùnkùn tó ń wá nọ́ọ̀tì tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, súìsì náà kò lè gbéra. Kò sí ọ̀gá tó lè sọ pé òun rò pé gbogbo èèyàn ti jáde. Ìkọ́ náà ti kà wọ́n fún un.

Bí èrò bá pọ̀ ju ihò lọ, wọ́n á kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo súìsì tí wọ́n tì sínú àpótí kan, oníkálukú á sì fi àgádágodo tirẹ̀ ti àpótí náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí àwọn òṣìṣẹ́ òru dé, ẹni tó ń bọ̀ á fi tirẹ̀ kọ́ kí ẹni tó ń lọ tó yọ tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìṣẹ́jú kan tí ìkọ́ náà máa wà lófìfo.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹnì kan á lọ tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ẹ̀rọ dìde. Bẹ́ẹ̀ ni, á mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Tẹ́sítà oníṣẹ́ iná nìyẹn. Ọ̀kan nínú ìgbà díẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀rọ á kọ̀ tí inú gbogbo ilé-iṣẹ́ á sì dùn. Ibi tí mo ti máa ń rí i pé ènìyàn ń fò ìgbésẹ̀ náà nìyí o, torí pé ojú ti rí àgádágodo, ọkàn ti balẹ̀. Àgádágodo lórí súìsì tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ yẹn burú ju kí a má tì í rárá lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1989 ni OSHA, àjọ ìjọba tó ń mójútó ààbò òṣìṣẹ́, sọ èyí di òfin fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ìṣirò wọn ni pé títẹ̀lé e ń dá ẹ̀mí bíi 120 sí lọ́dọọdún, ó sì ń dènà ìpalára bíi 50,000. Ibì kan wà nínú òfin náà tó pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri, tí òṣìṣẹ́ ti fà á yọ, tí orí wáyà náà sì wà ní ìkáwọ́ òun nìkan, kò pọn dandan kó wá àgádágodo. Àpò ṣòkòtò oníṣẹ́ iná wa ni àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà ń kọ sínú ìwé yẹn.

Ìwé pẹ̀lú lè ṣe iṣẹ́ àgádágodo, bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tó yẹ. Nílé-iṣẹ́ epo, ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé tú páìpù. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà, tó sọ ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ tú, ẹni tó fẹ́ tú u, àti ìgbà tí yóò parí. Ibi tí ayé ti rí bí ìwé yìí ṣe lè jáni kulẹ̀ ni Piper Alpha, ilé-iṣẹ́ epo tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin láàárín Òkun Àríwá, tó fi bíi 190 kìlómítà jìnnà sí Aberdeen ní Scotland. Ilé-iṣẹ́ Occidental ló ń darí rẹ̀. Ní 6 oṣù Keje ọdún 1988, ènìyàn 226 ló wà níbẹ̀.

Pọ́ǹpù méjì ló ń ti gáàsì tó ti di olómi lọ, A àti B. Lọ́jọ́ náà, A wà ní pípa, torí iṣẹ́ méjì ni wọ́n fẹ́ ṣe lára rẹ̀, ìwé méjì ni wọ́n sì gbà fún un. Ọ̀kan ni títú pọ́ǹpù náà palẹ̀. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Èkejì ni yíyọ fáàfù kan tó ń gba pọ́ǹpù náà lọ́wọ́ àpọ̀jù agbára, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti yọ fáàfù yìí. Ó wà lókè, níbi tí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù kò ti lè tètè rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ìdérí irin bo ẹnu páìpù náà, ṣùgbọ́n kò le tó ohun tó lè gba gáàsì dúró. Agogo 6 ìrọ̀lẹ́ lù, iṣẹ́ ò tíì parí, wọ́n fi í di ọ̀la. Ìwé fáàfù náà bọ́ sí ọ́fíìsì séfútì. Ìwé méjèèjì kò tọ́ka sí ara wọn, kò sì sẹ́ni tó kó wọn pọ̀ síwájú àwọn òṣìṣẹ́ òru.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo 10 alẹ́ lù, pọ́ǹpù B kú. Bí pọ́ǹpù ò bá ṣiṣẹ́, láìpẹ́ iná gbogbo ilé-iṣẹ́ náà lè lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ òru wá inú ìwé, wọ́n rí èyí tó wà fún títú pọ́ǹpù A, wọ́n rí i pé iṣẹ́ náà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ṣebí ó dáa nígbà náà. Wọ́n gbé A dìde. Gáàsì bá ẹnu páìpù tí fáàfù ò sí lórí rẹ̀ jáde, ó kan iná, ó bú gbàmù. Ènìyàn 167 ló kú, tí méjì nínú wọn jẹ́ ara àwọn tó gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré wá gba àwọn tó kù là. 61 péré ló yè nínú àwọn tó wà lórí rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ òru yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n wá ìwé. Wọ́n kà á. Wọ́n ṣe ohun tí ìwé tí wọ́n rí sọ. Ohun tí wọ́n nílò ni ìwé kejì, èyí sì wà lórí tábìlì ẹlòmíràn, ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú sí ojú ni kò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó yọ fáàfù fi àgádágodo tirẹ̀ ti súìsì pọ́ǹpù A, àwọn òṣìṣẹ́ òru ì bá dé ibẹ̀, wọn ì bá rí orúkọ rẹ̀, wọn ì bá sì lọ jí i.

Ohun kan tún wà ní Piper Alpha tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Àwọn pọ́ǹpù omi panápaná wà, wọ́n lè dìde fúnra wọn bí iná bá sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yí wọn sí ipò tó jẹ́ pé ọwọ́ èèyàn ló máa gbé wọn dìde, nítorí àwọn òmùwẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ omi, kí pọ́ǹpù má bàa fà wọ́n wọ páìpù. Ìyẹn náà ààbò ni, ààbò òmùwẹ̀. Nígbà tí iná dé, kò sẹ́ni tó lè dé ìdí wọn. Lord Cullen, adájọ́ tó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà, gbé ìjábọ̀ jáde lọ́dún 1990 pẹ̀lú àbá 106, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ epo lórí òkun títí dòní.

Àgádágodo tún wà tó ń ṣe òdìkejì gbogbo èyí. Ní 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ aránṣọ Triangle ní New York, tó wà ní àjà kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ilé kan. Ènìyàn 146 kú. Ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ti òkè òkun wá wá iṣẹ́. Ilẹ̀kùn kan wà ní àjà kẹsàn-án tó ì bá gbà wọ́n. Ó wà ní títì. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ máa ń tì í kí òṣìṣẹ́ lè gba ojú kan ṣoṣo jáde, kí wọ́n lè yẹ báàgì wọn wò bóyá wọ́n jí aṣọ. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti bá ọ̀nà mìíràn sá. Àkàbà panápaná kò gùn kọjá àjà kẹfà. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà dé kóòtù lóṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọ́n dá wọn sílẹ̀.

Ẹ má sọ pé Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2002, iná jó ilé-iṣẹ́ kan lóru ní Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kú sínú rẹ̀, ìròyìn ìgbà náà sì sọ pé ńṣe ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 1987 kò fàyè gba kí ilẹ̀kùn wà ní títì lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Ìdí tí ọ̀gá máa ń sọ ni olè. Bó bá di òru, á ti gbogbo wọn mọ́lé, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò, á lọ sùn. Àpò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, orí ibùsùn ni ara rẹ̀ wà.

Ìdí nìyí tí pátákó gàdàgbà tó ní "Ààbò Ló Ṣíwájú" lẹ́nu géètì kì í tètè wú mi lórí. Ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn kásúà, àwọn tí wọ́n kó wá láàárọ̀, tí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ òòjọ́, tó lè jẹ́ pé ibòmíràn ni wọ́n máa wà lọ́la. Àwọn gan-an ló máa ń wọ inú àgbá, inú táńkì, inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Àgádágodo tó ní orúkọ lára ń fẹ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń pe ènìyàn ní "ìwọ yẹn", wọn ò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀dínwó tí ọ̀gá rò pé òun jẹ lórí kásúà, ibẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ ti ń gorí ara.

Ìgbà tí ẹ máa wá mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ni ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbàgbé àgádágodo rẹ̀ lára súìsì tó sì lọ sílé. Iṣẹ́ ti parí lára ẹ̀rọ, àwọn oníbàárà ń dúró, àgádágodo kan ṣoṣo ló ku. Ẹ̀rọ tó ń gé irin wà nítòsí. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ti já. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ó ní ètò: kí ọ̀gá kọ́kọ́ rí i dájú pé onítọ̀hún kò sí nínú ọgbà, kí ó wá a títí láti sọ fún un, bó bá sì padà dé lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n rí i pé ó mọ̀ pé àgádágodo òun ti kúrò níbẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilé rẹ jìnnà, bí ó ti di ọ̀gànjọ́, wọ́n á pè ọ́ kí o wọkọ̀ padà wá, kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣí i.